Ọjọ́ Tí Ọbabìnrin Òṣùpá Kúnlẹ̀ ní Ìwáyà

Òórùn ọ̀dà fàdákà ló máa ń kọ́kọ́ padà wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mo fi jẹ ọba lórí òṣùpá. Wọ́n fi ọ̀dà ọ̀hún kun ìkòkò alumíńíọ́mù kan tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ méjèèjì dànù, wọ́n ní adé mi nìyẹn, bí oòrùn bá sì ti mú un díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn mọ́ mi lórí. Ọmọge ni mí nígbà náà, ogun abẹ́lé ti parí, owó epo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ilé wa. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í fi ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ṣeré, ó sì ti bá mi wá iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ sí Yábàá kí n tó kàwé jáde. Àmọ́ ẹgbẹ́ eléré kan ní Múṣìn ni mo lọ bá. Bàbá mi kò lù mí, kò sì bú mi. Ó kàn dẹ́kun láti máa dárúkọ mi níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ fún bí oṣù mélòó kan, ìyá mi ló sì máa ń sáré fi orúkọ mi kún un kí wọ́n tó ṣe àmín.

Ẹni tó ni ẹgbẹ́ eléré náà ni gbogbo Múṣìn mọ̀ sí Bàbá Òṣùpá. Akọ̀wé reluwé ni ní Ìdó nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ronú kan eré tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ní bí òun bá ti ń wo àwọn ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń tú èéfín lọ sí Òkè Ọya, òun a máa bi ara òun pé stéṣọ̀n wo ló kẹ́yìn gan-an, kò sì sí èyí tó tẹ́ òun lọ́rùn àfi òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá eré Ọba Òṣùpá sílẹ̀ kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Apá mẹ́ta ni. Nínú èkíní, ọba òṣùpá sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí gbogbo aráyé wá máa sin òun, ó sì kó àwọn kan lẹ́rú lọ. Nínú èkejì, àwọn ọmọ aráyé gòkè lọ gba àwọn èèyàn wọn. Ẹ̀kẹta, ogun ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọba. Yóò da agbádá tí ìyàwó rẹ̀ to ìdérí agolo mílíìkì sí lára bo ara, hámóníọ́mù yóò máa ké lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì fi ohùn tó dà bí ààrá pàṣẹ pé kí aráyé dọ̀bálẹ̀. Mo wò ó rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Yábàá. Abẹ́ ìborùn ìyá mi ni mo ti wo ìdajì rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọn kò fi lè rán mi jáde bí òṣùpá bá ti yọ.

Lẹ́yìn náà ni òyìnbó lọ rìn lórí òṣùpá. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n wò ó, ẹni tí kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò, kò sì pẹ́ tí Bàbá fi tún gbé eré rẹ̀ jáde ní Múṣìn. N kò tíì dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi bó ṣe rí. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pàṣẹ ni géńdé kan dìde láàárín èrò, ó pariwo pé, "Bàbá, we don see am for television! Nobody dey there!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní òkúta lásán ni wọ́n bá níbẹ̀, pé ṣé òkúta ni Bàbá ń jọba lé lórí ni. Bàbá dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Ó ṣí adé, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi," ó sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ ń ṣe eré mìíràn kiri, eré orogún, eré olówó tó di aláìní, wọ́n sì ń rí jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ òṣùpá létí Bàbá, àfi tí wọ́n bá fẹ́ pe Bàbá fúnra rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù yíyà lókè òkun, ó padà dé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti ṣòkòtò tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, a sì ń pè é ní Dírẹ́kítọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń pe ara rẹ̀. Ó kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá, ó ní òun fẹ́ gbé Ọba Òṣùpá jáde lákọ̀tun, kì í ṣe lórí pèpéle mọ́ bí kò ṣe nínú fíìmù, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tò síwájú sinimá láti wo ará Íńdíà àti ará Ṣáínà lè wá wo tiwa náà. Ojú Bàbá ni gbogbo wa ń wò. Ó ní, "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni o. Tí wọ́n bá tún fi ṣẹlẹ́yà, mo máa sin ín ni, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni hú u tí mo bá kú." Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ̀ pé kì í ṣe fíìmù nìkan la fẹ́ yà. Eré yẹn ni ọkùnrin náà fi gbogbo agbára èwe rẹ̀ ṣe, orúkọ tó sì máa gbé wọ sàréè rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa yìí.

Kò tíì tán. Dírẹ́kítọ̀ ní èrò òde òní kò ní bẹ̀rù baba arúgbó tó ń bú ramúramù, pé obìnrin ni kó jọba òṣùpá, ọ̀dọ́bìnrin tó ga tó sì dúdú dáadáa. Ní ti Bàbá, kó ṣe baba apẹja tó kọ́kọ́ pàdé àwọn ará òṣùpá létí ọ̀sà. Ariwo sọ. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ní ọmọ tó fẹ́ gba adé lórí bàbá rẹ̀, ṣé ìyẹn ni ìwé tó lọ kà. Èmi wà lẹ́yìn níbi tí mo ti ń ká aṣọ, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Bàbá dìde, ó gbé ìkòkò náà níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, ó gba àárín gbogbo wọn kọjá, ó sì dé e fún mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ó fẹ̀ díẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ aṣọ sí i nínú." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀, ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi nìyẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nífẹ̀ẹ́ baba náà bí ẹni pé òun ló bí mi.

Ká má purọ́, adé náà gùn mí. Mo ń fi ìrìn ọba rìn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo ń gbé àgbọ̀n sókè bí mo bá ń lọ ra kẹrosíìnì. Ìyá onírẹsì iwájú ilé wa bi ìyá mi bóyá ọrùn ló ń dùn mí. Mo máa ń dúró síwájú dígí, mo máa ń nawọ́ síwájú pé, "Ẹ̀yin ìran ènìyàn, ẹ dọ̀bálẹ̀!" títí bàbá mi fi kígbe láti inú yàrá pé ìran ènìyàn fẹ́ sùn. Bàbá Òṣùpá ló ń kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe máa dúró, bí mo ṣe máa mí, bí mo ṣe máa wo èèyàn tí ojú mi kò ní ṣẹ́. Bí mo bá ti dé Múṣìn láràárọ̀ màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, yóò ní kí n dìde, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí a ṣe ń fi àgbà wọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ fíìmù kò rọrùn fún àwa èèyàn orí pèpéle. Ohun tó ti mọ́ wa lára ni pé bí a bá sọ ọ̀rọ̀ tó dùn, a ó dúró kí àwọn èrò rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ká tó máa bá a lọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ya fíìmù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dákẹ́. Kámẹ́rà ń yí. Oníkámẹ́rà yọ ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń dúró dè?" Ó ní àwọn èrò ni. Oníkámẹ́rà wo ẹ̀yìn, ewúrẹ́ méjì ló rí. Dírẹ́kítọ̀ di orí mú, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń ra fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Èyí tí a bá ti lò dànù, ó lọ nìyẹn.

Ìwáyà la ti ya ibi tí ọkọ̀ òṣùpá ti gúnlẹ̀. Páànù ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, wọ́n kan án sórí ọkọ̀ ojú omi méjì tí wọ́n so pọ̀, àwọn apẹja sì ń bi wá láti àárọ̀ bóyá ilé ìyàgbẹ́ ìjọba nìyẹn. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò le. Màá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, baba apẹja yóò bá mi pàdé létí omi, yóò fi ẹ̀rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi yóò gbé ẹsẹ̀ lé àwọ̀n rẹ̀, màá sì pàṣẹ fún ìran ènìyàn. A ti fi ṣe ìdánrawò ní Múṣìn títí ó fi mọ́ wa lára. Àmọ́ orúnkún ń dun Bàbá nígbà náà, nítorí náà bí a bá ti dé ibi ìdọ̀bálẹ̀, yóò kàn sọ pé, "Ibí ni màá ti dọ̀bálẹ̀," a ó sì máa bá a lọ. Kò sẹ́ni tó rò ó pé èyí lè dá wàhálà sílẹ̀.

Dírẹ́kítọ̀ kígbe pé ká bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ páànù pẹ̀lú gbogbo ìgbéraga tí mo ti kó jọ láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bàbá ń bọ̀ wá bá mi, àwọ̀n léjìká, oòrùn àárọ̀ lójú rẹ̀. Ó rí mi, ẹ̀rù bà á, ó ju àwọ̀n sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di orúnkún mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòun ti ewú orí rẹ̀, níwájú èmi tí ìyá mi bí lánàá. N kò rò ó rárá. Kí àyà Bàbá tó kanlẹ̀, orúnkún tèmi ti wà nínú ẹrẹ̀, ìkòkò orí mi ti wọ́ bo ojú mi kan, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ọbabìnrin òṣùpá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tó wá kó aráyé lẹ́rú. Mo gbọ́ tí oníkámẹ́rà fa èémí. Mo ń retí kí Dírẹ́kítọ̀ ké pé ká dúró, àmọ́ kámẹ́rà ń yí lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá kò wo kámẹ́rà, kò wo ọmọ rẹ̀. Ó rọra nà tán, ó na ọwọ́, ó tún ìkòkò náà ṣe lórí mi, ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó ní, "Ta ló kọ́ yín ní ìkúnlẹ̀ lóṣùpá lọ́hùn-ún?" Ẹgbẹ́ wa kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ju ọ̀rọ̀ sí ọ, o gbọ́dọ̀ jù ú padà. Mo rántí àwọn tí ọba òṣùpá kó lẹ́rú lọ nínú apá èkíní, mo ní, "Àwọn ìyá wa ni, sà. Ibí ni wọ́n ti lọ." Bàbá gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń rántí orúkọ àwọn kan. Ó ní, "Ẹ mà pẹ́ o. Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó padà wálé."

Ìgbà náà ni Dírẹ́kítọ̀ tó kígbe. Ó bínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láìmí. "Bàbá, ẹ ti spoil gbogbo ẹ̀! Ogun la fẹ́ jà! Báwo la ṣe fẹ́ bá ọmọ tó kúnlẹ̀ jà?" A kò sì lè tún un yà, nítorí fíìmù tó kù kò lè ṣe ju ìparí eré lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Èmi ti ń sunkún lórí ẹrẹ̀, mo ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n máà bínú, pé mo ti ba eré wọn jẹ́. Bàbá ní kí n dákẹ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Má bá a jà mọ́. Bi í léèrè ohun tó wá ṣe." Dírẹ́kítọ̀ yí ẹ̀yìn sí wa, ó rìn lọ sí ọ̀nà Makòkò, ó ń ta òkúta nípàá. Ẹni tó bá rí i máa rò pé kò ní padà wá mọ́. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì bi gbogbo wa, títí kan àwọn apẹja tí wọ́n ń wòran, pé tó bá jẹ́ pé ọmọ wa ni àwọn ará òṣùpá, kí ni wọ́n wá ṣe? Mo yìn ín títí dòní. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni kì í lè bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó oṣù fún. Apẹja kan ló dáhùn pé ilé làbọ̀ simi oko. Bí eré mìíràn ṣe jáde nìyẹn. Ogun kúrò níbẹ̀. Ó di eré àwọn tí wọ́n ń wá ilé tí ìyá wọn ń sọ fún wọn, tí àwọn ará ilé kan sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè la ti kọ́kọ́ fi hàn, lẹ́yìn tí fíìmù ti òkè òkun dé. Ó kún dẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kò gbà láti jókòó síwájú, ẹ̀bá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló dúró sí, èmi sì dúró tì í. Mo mọ ìdí tó fi yan ibẹ̀. Bí ẹ̀rín yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ jìnnà sí ọ̀nà. Iná kú, ọkọ̀ páànù yọ lójú aṣọ funfun, àwọn géńdé kan láàárín èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Kò sẹ́nìkan lóṣùpá o!" "Ìkòkò ìyá ta lẹ jí gbé?" Bàbá di ìlẹ̀kùn mú. Mo rí ara mi tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, tí mo gbé àgbọ̀n sókè bí òmùgọ̀. Mo rí Bàbá tó ń lọ sílẹ̀. Mo rí ara mi tí mo kúnlẹ̀.

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ àwọn tó fẹ́ fi èèyàn ṣẹ̀sín. Nígbà tí Bàbá wá sọ pé ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó padà wálé, ìyá arúgbó kan láàárín èrò dáhùn fatafata, bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. O kú ewu ọ̀nà." Ẹlòmíràn náà ní káàbọ̀. Ó ràn kiri gbọ̀ngàn, ọkùnrin, obìnrin, àwọn géńdé tí wọ́n ti ń pariwo láti àárọ̀, gbogbo wọn ń kí mi káàbọ̀, àwọn kan sì ń nu ojú. Ta ni kò ní ẹni tó lọ tí kò padà ní Èkó nígbà náà? Ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbúròó rẹ̀. Ẹlòmíràn, ogun ló gbé tirẹ̀ lọ. Mo yíjú sí Bàbá. Ó ti fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ wọn?" Mo ní mò ń gbọ́, sà. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo ronú kan ìyẹn," ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo fíìmù náà káàkiri ìlú kí Bàbá tó kú, wọ́n sì sin ín gẹ́gẹ́ bí Bàbá Òṣùpá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó kún.

Ooru àti ọ̀rinrin ti ba fíìmù ọ̀hún jẹ́ tipẹ́, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ níbì kankan. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan wá bá mi nílé láti Yábàá, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù. Wọ́n gbọ́ nípa ọbabìnrin tó kúnlẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wọn àgbà, wọ́n sì fẹ́ gbé e jáde lákọ̀tun. Ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn mọ̀wà hù, ó fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Nínú tiwọn, kò sẹ́ni tó máa kúnlẹ̀. Ọbabìnrin àti apẹja yóò jọ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn kò ní sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wọ̀ mí lára bí ìgbà tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé kò mọ ohun tó fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí bó ṣe ń bẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì ní kó lọ ṣe é, pé kó ṣe é dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo rántí ọjọ́ tí Bàbá gbé adé orí ara rẹ̀ dé mi lórí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ fún èèyàn pé onínú tútù ni Bàbá Òṣùpá, pé ohunkóhun kì í bí i nínú. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mọ́. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé nǹkan ẹni lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó máa dun ni wọ akínyẹmí ara, kéèyàn sì máa súre fún onítọ̀hún látọkàn wá.